Máòsì Tó Tún Jẹ́ Fóònù Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mo ní máòsì kan lórí tábìlì iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á wọlé, wọ́n á bá mi níbi tí mo ti gbé máòsì sétí tí mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọ́n á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ti kí ara wa tán, ìbéèrè ló kàn. Mo ti fi ẹnu dáhùn wọn títí, ó tó kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí ò wọ́pọ̀ nígboro mọ́, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tí mo sì ti kọ́ lára rẹ̀ nípa bí ohùn ṣe ń gba inú kọ̀ǹpútà kọjá ń ràn mí lọ́wọ́ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ké sí mi pé wọn ò gbọ́ ohùn òun nínú ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ni ohun èlò yìí gan-an?

Máòsì ni, irú èyí tá a fi ń darí ọfà lójú kọ̀ǹpútà, àyàfi pé wọ́n ti ki sípíkà kékeré kan àti máìkì bọ inú rẹ̀. Ẹ ó máa fi ṣiṣẹ́ lọ. Bí ìpè bá wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ẹ ó ṣí ìdérí rẹ̀ bí a ṣe ń ṣí fóònù onídèérí ayé ọjọ́sí, ẹ ó sì gbé e sétí. Sípíkà á bọ́ síbi etí, máìkì á bọ́ síbi ẹnu.

Kò ní síìmù, kò ní nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà ló ń pe èèyàn. Máòsì kàn ya etí àti ẹnu rẹ̀ fún un ni.

Ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é?

Èyí tí orúkọ rẹ̀ rìn jù lọ ni ti Sony ilẹ̀ Japan, tí wọ́n pè ní VAIO Mouse Talk, nọ́ńbà rẹ̀ ni VN-CX1. Ní ọdún 2007 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà, nǹkan bí 80 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Tẹ́ ẹ bá pa á dé, máòsì ni. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, fóònù ni, ó sì ń bá Skype, ètò tí wọ́n fi ń pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ṣiṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ṣe irú tiwọn, kódà àwọn kan ní bọ́tìnì nọ́ńbà àti síkírìn pẹ́ńpẹ́ lára. Irú àwọn yẹn ni tèmi. Tòkúnbọ̀ ni mo rà á, kò sì sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀.

Kí ló gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wá?

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Oṣù Kẹjọ ọdún 2003 ni Skype jáde. Niklas Zennström ọmọ Sweden àti Janus Friis ọmọ Denmark ló dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ Estonia ló sì kọ sọ́fíwíà rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2005, eBay, ilé iṣẹ́ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti sọ pé òun máa rà á ní 2.6 bílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá lè bá ará ilé sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko láìsan owó ìpè, bí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣáà ti wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ibi tó kù sí ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ò ní máìkì. Héédísẹ́ẹ̀tì lèèyàn á lọ rà, èyí tó ní ẹnu wáyà méjì: aláwọ̀ ewé fún sípíkà, aláwọ̀ pínńkì fún máìkì. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni ihò méjèèjì sábà máa ń wà, nínú òkùnkùn abẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá ti jókòó sí káfè rí á rántí bí oníbàárà ṣe máa ń pariwo pé òun ò gbọ́ nǹkan kan, tí ẹni tó ń bójú tó káfè á sì tún kúnlẹ̀ láti lọ pààrọ̀ ẹnu wáyà. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bí máòsì yìí: kí ló wà lórí gbogbo tábìlì, tí ọwọ́ kì í fi í sílẹ̀?

Ṣé ohùn àti máòsì tiẹ̀ bára tan?

Wọ́n bára tan. Láti ọjọ́ ìkómọjáde máòsì ni.

Ní ọdún 1964, ní Stanford Research Institute ní Menlo Park, California, Douglas Engelbart ro èrò máòsì àkọ́kọ́, Bill English sì bá a kàn án. Igi ni ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ irin méjì ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan ń ka òòró, ọ̀kan ń ka ìbú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, Engelbart jókòó níwájú èrò rẹpẹtẹ ní San Francisco, ó fi máòsì náà hàn wọ́n. Ohun táwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà nínú ìtàn yìí ni pé héédísẹ́ẹ̀tì onímáìkì wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ṣe ń fọwọ́ darí ọfà ló ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wà ní Menlo Park sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó tó nǹkan bí 48 kìlómítà, ojú wọn sì ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Nínú ìjókòó kan ṣoṣo, àwọn tó wà níbẹ̀ rí máòsì, wọ́n sì rí ìpàdé orí kọ̀ǹpútà irú èyí tá à ń ṣe lónìí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀, torí mo máa padà sí i: orí ló gbé ohùn lé, ọwọ́ ló fi máòsì sílẹ̀ fún.

Báwo ni wáyà kan ṣe ń gbé ìrìn ọwọ́ àti ohùn pọ̀?

Ibí ni mo fẹ́ràn jù. Bẹ́ ẹ bá ki ẹnu wáyà USB rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kan kọ́ ni kọ̀ǹpútà rí. Ẹ̀rọ méjì ló rí: máòsì kan, àti káàdì ohùn kan tó ní sípíkà àti máìkì. Ẹ fojú inú wo ilé onílẹ̀kùn méjì tó ní géètì kan ṣoṣo. Géètì ni wáyà. Ẹ̀yìn géètì ni kálukú ti ń ya sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Ìṣe àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Máòsì kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Kọ̀ǹpútà ló máa ń bi í pé, “Ṣé o ti rìn? Ṣé wọ́n ti tẹ̀ ọ́?” Fún máòsì lásán, nǹkan bí ìgbà 125 ló ń bi í bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìdáhùn kan bá bàjẹ́ lọ́nà, kọ̀ǹpútà á ní kó tún un sọ, torí bí títẹ̀ kan bá sọnù, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí ò ní ṣí.

Ohùn ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ya àyè sọ́tọ̀ fún un lórí wáyà náà, bí àyè yẹn bá sì ti dé, ohùn á kọjá, yálà ó pé tàbí kò pé. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, a kì í padà lọ gbé e. Kí là ń fi ohùn tó pẹ́ dé ṣe? Bí ẹnì kan bá sọ pé “ẹ káàárọ̀”, tí “káà” inú rẹ̀ sì sọnù, ó sàn kí etí fò ó kọjá ju kó padà wá dé nígbà tí ẹni náà ti ń béèrè àlàáfíà ilé. Ìdí nìyí tí ohùn fi máa ń já wìnnìwìnnì nígbà míì tí ọfà sì ń lọ geerege, tí kò sí ohun tó ṣe é. Bẹ́ ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má ṣe ju máòsì nù. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ apínhò, èyí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, tí kò bá ní iná tirẹ̀, ẹ ki í bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ó máa ń gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá gbé e sétí, kí ni mo máa fi darí kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání jù lọ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ yìí ti kùnà. Ọwọ́ tó wà létí ò lè sí lórí tábìlì. Bí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ bá sọ pé, “Ẹ bá mi ṣí fáìlì yẹn,” ẹ ó sọ ohùn kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè ṣí i. Engelbart ò ṣe àṣìṣe yẹn ní 1968. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́ kí ẹnu náà sì máa sọ̀rọ̀, héédísẹ́ẹ̀tì ló bá a mu, mi ò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí ìyẹn.

Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà. Lórí láptọ́ọ̀pù, ojú ìfọwọ́rá tó wà níwájú kíbọ́ọ̀dù ṣì ń ṣiṣẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, Alt àti Tab á gbé yín láti ojú fèrèsé kan sí òmíràn, Enter á sì tẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀. Èyí tí èmi ń ṣe ni pé mo ki máòsì kejì bọ kọ̀ǹpútà. Windows máa ń gba máòsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìjanpata, ọfà kan náà ni wọ́n jọ ń darí. Ọ̀kan wà lápá òsì mi fún ìgbà tí mo bá ń gba ìpè. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ òsì mi tó mọ̀ ọ́n lò.

Kí nìdí tí ọfà fi ń fò kiri nígbà tí mo bá ń gbé e sétí?

Iná pupa tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Kámẹ́rà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn, tó ń ya àwòrán ojú tábìlì láìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwòrán kan ṣe yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e ló fi ń mọ ibi tí ọwọ́ yín ń lọ. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e sókè díẹ̀, tábìlì á pòórá lójú rẹ̀. Láàárín kó tó pòórá pátápátá ni ọfà máa ń ta gìrì. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnì kankan lásìkò yẹn, ẹ lè pa nǹkan tẹ́ ò fẹ́ẹ́ pa.

Àwọn kan béèrè bóyá iná náà lè ba ojú jẹ́. Iná LED lásán ni lára irú èyí tí mo ní. Ẹ má kàn máa tẹjú mọ́ ọn.

Gbogbo ohùn kọ̀ǹpútà mi ti wọ inú máòsì. Kí ni kí n ṣe?

Ó ṣe mí rí! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ki tèmi bọ ara kọ̀ǹpútà, orin tí mo ń gbọ́ dákẹ́ lójijì. Mo yẹ sípíkà wò, mo yẹ wáyà wò, kí n tó gbọ́ tí nǹkan ń kùn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Orin náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Windows sábà máa ń gbà pé ẹ̀rọ ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ fẹ́ lò. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ àwòrán sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí ètò ohùn wà. Ẹ ó rí i pé ipò méjì ni Windows máa ń pín: ẹ̀rọ tí gbogbo ohùn ń gbà jáde, àti ẹ̀rọ tí ìpè nìkan ń gbà. Ẹ fi sípíkà yín sí ipò àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi máòsì sí ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ètò ìpè yín, kẹ́ ẹ yan máòsì fún máìkì àti sípíkà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí wọn ò bá tún gbọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Windows ò tíì fún ètò náà láyè láti lo máìkì. Ẹ lọ sí Settings, kẹ́ ẹ wọ Privacy, kẹ́ ẹ wá Microphone, kẹ́ ẹ ṣí i fún un. Àwọn láptọ́ọ̀pù òde òní tó ń dá wa láàmú nínú ìpàdé, ibí yìí ni àìsàn tó pọ̀ jù lára wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Skype ti kógbá sílé. Ṣé máòsì mi náà ti kú nìyẹn?

Rárá o. Lóòótọ́, Microsoft, tó ra Skype ní 8.5 bílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2011, ti pa á dé ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Apá kan lára máòsì yín bá a lọ, apá méjì ṣẹ́ kù.

Ìrìn ọfà ò kú. Sípíkà àti máìkì náà ò kú. Èdè tí gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ́ ni wọ́n ń sọ nínú USB, kì í ṣe èdè ilé iṣẹ́ kan. Mo ń fi tèmi ṣe ìpè lórí WhatsApp tí mo gbé sórí kọ̀ǹpútà, lórí Zoom àti Google Meet, láìfi nǹkan kan kún un.

Ohun tó kú ni agbára ìdérí láti gba ìpè àti láti pa á, àti bọ́tìnì nọ́ńbà fún èyí tó bá ní in. Sọ́fíwíà inú CD tó bá a wá ló máa ń sọ fún Skype pé wọ́n ti ṣí ìdérí. CD tèmi, Windows XP ni wọ́n kọ ọ́ fún, Windows tuntun ò sì gbà á mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo kí wọ́n tó ra ohun èlò kọ̀ǹpútà èyíkéyìí: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìlo CD tàbí ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi bá a wá? Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ohùn ẹni tí mo pè máa ń pẹ́ kó tó dé. Ṣé máòsì ló fà á?

Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òun. Ọ̀nà tí ohùn gbà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pe ìpè láti káfè ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn á rántí pé àwọn méjèèjì á jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ dákẹ́, wọ́n á tún jọ bẹ̀rẹ̀. Díìṣì tó wà lórí òrùlé ọ̀pọ̀ káfè nígbà náà ló fà á. Sátẹ́láìtì tí díìṣì yẹn dojú kọ wà lókè ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Ohùn yín á gòkè lọ, á sọ̀ kalẹ̀, ó di 72,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á lo nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà. Ìdáhùn á tún lo bẹ́ẹ̀ padà bọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá, ká má tíì ka iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà méjèèjì ń ṣe mọ́ ọn. Àjọ ITU, tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ètò fóònù lágbàáyé, dá a lámọ̀ràn pé kí ohùn má ṣe ju ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó dé etí ẹnì kejì, bí ìjíròrò bá máa lọ geere. Sátẹ́láìtì ti jẹ èyí tán kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Wáyà abẹ́ òkun ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wáyà tí wọ́n ń pè ní SAT-3 gúnlẹ̀ sí Èkó àti Kútọnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, àmọ́ ó pẹ́ kí àǹfààní rẹ̀ tó kan ará ìta. MainOne dé ní 2010, wáyà tó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Potogí wá sí Èkó. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà gíláàsì ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kò ju ìdá 35 nínú 1,000 lọ tó fi máa rin ọ̀nà yẹn já. Ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní òkè òkun lónìí lè já lu ọ̀rọ̀ ọmọ náà kó sì bá a wí lójú ẹsẹ̀. Láyé díìṣì, ọmọ náà á ti sọ̀rọ̀ tán kí ìbáwí tó dé.

Dátà mélòó ni ìpè wákàtí kan ń jẹ?

Bẹ́ ẹ bá fi ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń sọ ohùn di dátà, tí wọ́n ń pè ní G.711, ṣe é, ẹ̀rọ á wọn ohùn yín ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì di í sínú àpò kéékèèké, àpò 50 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ka àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sára àpò kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, ìṣẹ́jú kan á jẹ nǹkan bí 1.2 MB ní àlọ àti àbọ̀. Wákàtí kan, 72 MB. Ọ̀nà tuntun bí Opus ń fún ohùn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó tó ń jẹ ò sì tó bẹ́ẹ̀. Fídíò ló ń jẹ dátà, kì í ṣe ohùn.

Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, ìpè ti já. Láptọ́ọ̀pù á máa bá a lọ, bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ò bá bá iná náà lọ. Máòsì oníwáyà kò ní bátìrì. Ara kọ̀ǹpútà ló ti ń mu iná.

Ṣé mo lè fi pe nọ́ńbà pàjáwìrì?

Ẹ má gbára lé e. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi fóònù gidi pe 112.

Ohun tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́ ni mo máa gbé sí ojú mi?

Ẹ nu ún. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, ẹ fi sípírítì díẹ̀ rin aṣọ tó mọ́, ẹ nu ara rẹ̀ níta àti nínú ìdérí. Ẹ má ṣe da sípírítì sí i lórí, ó lè gba ihò máìkì wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe é. Bẹ́ ẹ bá ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ máa nu ún lójoojúmọ́.

Kí ni kí n yẹ̀ wò bí mo bá rí èyí tòkúnbọ̀?

Oríkèé rẹ̀ ni. Wáyà tín-ín-rín kan ló gba inú oríkèé yẹn kọjá lọ sínú ìdérí, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ki í bọ láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ jẹ́ kí orin máa gba inú rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ ṣí i kẹ́ ẹ sì pa á dé ní ìgbà mẹ́wàá. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i. Níkẹyìn, ẹ fi í rìn lórí tábìlì, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì méjèèjì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é ti dá yín lóhùn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ta lẹ rò pé ó ṣì wúlò fún?

Màámi. Wọn ò fẹ́ràn héédísẹ́ẹ̀tì rárá, torí ó máa ń tẹ gèlè wọn mọ́lẹ̀, wọn ò sì lè ṣí gèlè nítorí ìpè. Ohun tí wọ́n mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ni kéèyàn gbé nǹkan sétí, kó sì sọ̀rọ̀ sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tá a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń pe àbúrò mi tó wà nílùú ọba lórí kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń ṣí máòsì náà lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò nílò ọfà, èmi ló ń darí ìyẹn. Kò sí ohun tó kùnà nínú ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ wọn, àyàfi ohun kan tí mo ṣì ń rán wọn létí: pípa ìdérí dé ò pa ìpè mọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pa á dé, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ yẹn ti rù. Kò fẹ́ kí n mọ̀ ni, àmọ́ mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.” Àbúrò mi ṣì wà lórí ìlà. Sípíkà náà kéré, síbẹ̀ a gbọ́ ọ láti inú ìdérí tó ń sọ pé, “Ẹ má ṣèyọnu, màmá mi, mò ń jẹun.”